Google Local Guides l'Abuja: "ẹ kú iṣẹ́" pọ̀, etí ìgbọ́ kò tó

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún.

Láti 2015 ni Google ti ń pe àwọn tó ń bá a tún Google Maps ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ní Local Guides. L'Abuja, iṣẹ́ wọn ò lè tán: Kubwa àti Lugbe ń fẹ̀ sí i, ṣọ́ọ̀bù ń kó kúrò, ilé epo ń pààrọ̀ orúkọ, ẹ́sítéètì ń ti géètì ẹ̀yìn pa. Sátẹ́láìtì ò rí àgádágodo. Ẹni tó ń gbé àdúgbò ló rí i.

Póìntì ni wọ́n fi ń dúpẹ́. Ẹ kọ èrò yín nípa ibì kan, ẹ gba 10. Bó bá lé ní lẹ́tà 200, 10 mìíràn tún wọlé. Ibi tuntun tí ẹ fi kún un, 15. Fọ́tò, 5. Àtúnṣe, 5. Tó bá pé 250, ẹ wọ ipele kẹrin, báàjì yọ. Ipele kẹwàá tó jẹ́ òpin wà lókè téńté ní 100,000. Owó ò sí níbẹ̀ o. Ààyè 1 terabyte lórí Google Drive tí wọ́n ń fún àwọn ará ipele kẹrin níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ti di ìtàn.

Ẹ tún 5 méjì yẹn wò dáadáa. Fọ́tò àwo àmàlà kan ní Wuse àti àtúnṣe nọ́ńbà fóònù ilé ìwòsàn, ọgbọọgba ni wọ́n. Ẹni tó bá gbé fọ́tò 3,000 síbẹ̀ ti ní 15,000, ó ti wọ ipele kẹjọ láìtún ohunkóhun ṣe rí. Ẹni tó ṣe púpọ̀ ni báàjì ń fi hàn, kì í ṣe ẹni tó mọ àdúgbò.

Ti etí ìgbọ́ ló burú jù. Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ ń yẹ àtúnṣe wò. Bó bá kọ̀ ọ́, kì í sọ àléébù rẹ̀ ní pàtó. Map Maker, irinṣẹ́ tí aráàlú fi ń ya máàpù, tí Google tì pa ní 2017, sàn jù níbi èyí: èèyàn ń fa títì sórí máàpù fúnra rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí àtúnṣe yín má bàa forí ṣánpọ́n, ẹ dúró níwájú ibẹ̀ gan-an, kí location fóònù yín wà ní títàn. Ẹ ya pátákó orúkọ kó hàn ketekete, bó ṣe wà lára pátákó sì ni kí ẹ kọ ọ́. Ẹ má fi "the best" tàbí nọ́ńbà fóònù gùn ún lẹ́yìn. Ẹnu géètì ni kí ẹ fi àmì sí. Bó bá wà láàárín òrùlé, ẹ̀yìn fẹ́ǹsì ni awakọ̀ yóò gbé oníbàárà já sí. Kí ẹ tó fi ibi tuntun kún un, ẹ wá a lẹ́ẹ̀mejì: àwọn kan ń kọ Mararaba, àwọn kan ń kọ Maraba, bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù kan ṣe ń di méjì. Ẹ sì rọra ṣe é. Ogún àtúnṣe lọ́jọ́ kan láti inú àkáǹtì tuntun jọ iṣẹ́ jìbìtì lójú ẹ̀rọ.

Ẹ fi wé MVP, àmì ẹ̀yẹ tí Microsoft ń fún àwọn tó ń fi ìmọ̀ wọn lórí ọjà rẹ̀ ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, tó ti wà láti 1993. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún un yẹ̀ wò, ẹni tó bá sì gbà á ń láǹfààní láti bá àwọn tó ń ṣe ọjà náà sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ tí Google bá ń so ìdí pàtó mọ́ àtúnṣe tó kọ̀, tí póìntì àtúnṣe sì ju ti fọ́tò lọ, ìràwọ̀ kẹrin ti wà nílẹ̀ fún un.