Síkíríìnì Android oníńṣì 9 fún Corolla: ọjà dára, wáyà ni kẹ́ ẹ ṣọ́

Síkíríìnì yìí kì í ṣe ọjà burúkú. Àwòrán rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, Bluetooth rẹ̀ sì tètè ń mú fóònù. Àléébù tó wọ́pọ̀ ni pé ó lè ṣú dùdù lójijì lórí eré, kó tún tàn fúnra rẹ̀.

Ẹ má tíì dá a padà fún ẹni tó tà á. Bí ojú rẹ̀ bá ṣú ṣùgbọ́n tí orin ṣì ń lọ, ẹ wo wáyà rìfáásì tó ń pe kámẹ́rà ẹ̀yìn. Tí iná bá ń jò wọ inú rẹ̀, síkíríìnì á rò pé ọkọ̀ ń fẹ̀yìn rìn, á sì máa wá àwòrán kámẹ́rà tí kò sí. Ẹ yọ wáyà yẹn, kẹ́ ẹ wa ọkọ̀ wò.

Bí orin náà bá kú, ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ iná. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ fi mítà wọn wáyà yẹ́lò tó ti bátìrì wá àti pupa tó ti kọ́kọ́rọ́ wá. Volt 13.5 sí 14.5 ló yẹ kẹ́ ẹ rí. Tó bá ń já wálẹ̀ bí ẹ ṣe ń mi wáyà, ojú ìsopọ̀ ló tú; tépù lásán tí àwọn rẹ́wáyà kan máa ń wé mọ́ ọn kò tó, ẹ ní kí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀. Wáyà dúdú tí wọ́n ń dè mọ́ ara irin ọkọ̀ ńkọ́? Ẹ ha ọ̀dà ara irin kúrò títí á fi dán, kẹ́ ẹ tó fi bóòtù dè é.

Ẹ má ra èyí tí RAM rẹ̀ (mẹ́mórì tó fi ń ṣiṣẹ́) jẹ́ 1GB. Owó lẹ fi ń ṣòfò.