Fúláàtì Jákàńdè wa: ohun tó fún wa, àti ibi tó ti ń jò

Àwọn tó ń wá ilé lórí ilẹ̀ Èkó máa ń bi mí bóyá ilé Jákàńdè dáa. Ọdún 1983 la kó dé ọ̀kan nínú wọn, mo ṣì ń gbé ibẹ̀, nítorí náà mo lè dáhùn. N kò ní dárúkọ ẹ́sítéètì wa torí mo máa mẹ́nu ba àwọn aládùúgbò mi. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìran kan náà ni òun àti Abẹ́sàn, Ìjàyè, Òkè-Afá àti Àmùwó-Ọ̀dọ̀fin, àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú tí Alhaji Lateef Jákàńdè, Bàbá Kékeré, kọ́ nígbà tó ń ṣe gómìnà láàárín 1979 sí 1983.

Múṣín la ti kó wá. Ilé fésì-mí-àì-fésì-yú ni, yàrá mọ́kànlá, ilé ìgbẹ́ kan ṣoṣo lẹ́yìnkùlé, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò sì ṣeé tì. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Tí mo bá fẹ́ wẹ̀, màmá mi á dúró níwájú páànù, á ta ìró rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni gbogbo wa ti ń dáná, sítóòfù tẹ̀lé sítóòfù, kò sì sí ẹni tí kò mọ iye ẹran tó wà nínú ìkòkò ẹlòmíì.

Awakọ̀ ni bàbá mi ní iléeṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Ó gba fọ́ọ̀mù, orúkọ rẹ̀ jáde. Ó san owó díẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń san ìyókù lóṣooṣù. Lọ́jọ́ tí a kó dé, kí wọ́n tó já ẹrù tán, mo ti wọ balùwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo fa irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó dún kọ̀ọ̀! Mo jókòó sórí símẹ́ǹtì tútù, mi ò wẹ̀, mi ò ṣe nǹkan kan. Màmá mi kànkùn kànkùn, ó rò pé irin ti há ni. Mo ṣí i fún un, mo tún tì í. Irin yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la ti kun ilẹ̀kùn yẹn, n kì í jẹ́ kí wọ́n kun irin náà mọ́ ọn.

Yàrá kò tóbi. Ibùsùn kan àti kọ́bọ́ọ̀dù kan, ó ti kún. Àmọ́ afẹ́fẹ́ ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́ méjì, kíṣìnì sì ní ilẹ̀kùn tirẹ̀.

Síbẹ̀, ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ilé yìí ni àtẹ̀gùn rẹ̀. Fúláàtì mẹ́fà ló ń lo àtẹ̀gùn kan: tísà nísàlẹ̀, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé ìjọba, ẹni tó ń tún rédíò ṣe, Ìyá Elélùbọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, àti bàbá mi. Ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Jákàńdè kọ́, tí àwọn kan fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé adìẹ ni, ni gbogbo àwa ọmọ ń lọ láàárọ̀. Tó bá di alẹ́, Bàbá Tísà á kó wa jọ sábẹ́ gílóòbù àtẹ̀gùn, á máa kọ́ wa ní ìṣirò. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ akọ̀wé àti ọmọ elélùbọ́ ń pín lẹ́ẹ̀dì kan lò. Àbúrò mi ọkùnrin di ẹnjiníà látorí àtẹ̀gùn yẹn.

Owó tí bàbá mi ń san lóṣù kò sì fò sókè bó ṣe wu onílé kan. Nígbà tí owó ilé ń gun orí ara wọn ní Múṣín, tiwa dúró sójú kan. Ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ ló fi san owó ìdánwò wa, òun náà ló fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo fi ń jẹun títí dòní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti ń jò. Balùwẹ̀ òkè ń ro sórí àjà ìsàlẹ̀. Omi ẹ̀rọ kò wá mọ́, mẹ́rúwà là ń dúró dè. Àwọn kan ti yọ ṣọ́ọ̀bù síwájú títí tó fi dí gọ́tà. Sókáwéè wa kún lọ́dún tó kọjá, ó yẹ kí fúláàtì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dáwó. Àwọn méjì tó ti fi tiwọn háyà kò gbé fóònù. Oṣù mẹ́rin la fi di imú kọjá níwájú ilé ara wa kí àwa mẹ́rin yòókù tó fara mọ́ ọn pé a máa san án. Kò sí àpò àjọni kankan láàárín wa. Àbùkù tó wúwo jù lójú mi nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó dé ilé Jákàńdè ló bá a bíi tiwa náà. Nígbà tí ìjọba ológun wó Màròkó, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù kan l'Ékòó, ní July 1990, ìba díẹ̀ lára àwọn tí wọ́n lé ló rí fúláàtì ní Ìlàsan àti Ìkọtà, ọ̀pọ̀ nínú fúláàtì ọ̀hún kò sì tíì parí.

Ní ti owó, ó dùn mí. Ọmọ mi obìnrin wá fúláàtì háyà ní ẹ́sítéètì wa yìí. Éjẹ́ǹtì ní kó mú owó ọdún méjì wá, pẹ̀lú àgíríméǹtì àti kọmíṣọ́ọ̀nù. Mo ní òfin Èkó ti 2011 kò gbà kí wọ́n béèrè ju owó ọdún kan lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ó ní tí òfin bá ní yàrá, kí ọmọ mi lọ gbé ibẹ̀. Ilé tí wọ́n kọ́ fún awakọ̀, ọmọ ọmọ awakọ̀ kò lè wọ̀ ọ́ mọ́. Ètò tí Gómìnà Ambode gbé kalẹ̀ ní 2016, kéèyàn san ìdá 5 nínú 100 owó ilé sílẹ̀ kó sì fi ọdún 10 san ìyókù, ló jọ ti bàbá mi jù lójú mi. Kí wọ́n kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, kí wọ́n sì kọ́ ọ sí ibi tí èèyàn ti lè débi iṣẹ́ láàárọ̀.

Nínú máàkì márùn-ún, mo fún fúláàtì wa ní mẹ́rin. Tí ẹ bá fẹ́ rà tàbí háyà, ọjọ́ òjò ni kí ẹ lọ wò ó. Ẹ gbójú sókè nínú balùwẹ̀ ìsàlẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tó san owó sókáwéè gbẹ̀yìn. Kí ẹ sì wò ó bóyá gílóòbù àtẹ̀gùn ń tàn. Èmi ni mò ń san owó iná tiwa báyìí. Ọmọ márùn-ún ló jókòó síbẹ̀ lálẹ́ àná.