Herning 2023: Ṣé ìdíje handball àwọn obìnrin tó owó tí mo ná lé e lórí?

Kí n tètè sọ ọ́: ó tó, ó tún ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àṣekágbá ọjọ́ Àìkú ni ò jẹ́ kí owó náà dùn mí. Ọjọ́ Jímọ̀, nígbà ìpele tó kángun sí àṣekágbá, ni gbogbo adùn wà.

Handball ni bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù sáwọ̀n. Denmark, Norway àti Sweden ló jọ gbàlejò ìdíje àgbáyé ọdún 2023 náà, orílẹ̀-èdè 32 ló kópa. Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. Àǹgólà, Kamẹrúùnù, Kóńgò àti Sẹ̀nẹ̀gà ló ṣojú Áfíríkà. Àǹgólà gan-an ló kó mi sí i. Orí fóònù ni mo ti wo eré wọn pẹ̀lú Faransé ní Stavanger, tí Faransé fi 30 sí 29 yọ bọ́. Góòlù kan péré! Bí mo ṣe wò ó tán ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá tíkẹ́ẹ̀tì òpin ìdíje.

Mo wọ bàlúù láti Lọ́ńdọ̀nù dé Billund ní Denmark, bọ́ọ̀sì sì gbé mi dé Herning. Òtútù oṣù Kejìlá níbẹ̀, ẹ má fi ṣeré o. Òtẹ́ẹ̀lì kan tí mi ò ní dárúkọ ló fẹ́ ba ayọ̀ mi jẹ́: yàrá tí mo ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ti gbé e fún ẹlòmíì. Ìlú kejì ni mo lọ sùn. Owó padà, ṣùgbọ́n ta ló máa dá oorun padà?

Nínú gbọ̀ngàn Jyske Bank Boxen, fìlà pépà aláwọ̀ pupa àti funfun ló kún orí àwọn ará Denmark. Bí inú wọn bá dùn, wọ́n á ṣí i kúrò lórí, wọ́n á máa fi pàtẹ́wọ́. Bí gbogbo ilé bá fi lù ú pọ̀, ẹni tó jókòó tì yín ò ní gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ.

Denmark àti Norway lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, mi ò rò pé mo tún lè rí irú rẹ̀. Wọ́n ta ọ̀mì, wọ́n fi àsìkò kún un, nígbà tí aago sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin ni Henny Reistad ti Norway ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n: 29 sí 28, Norway ló wọlé. Faransé àti Sweden ò le tó bẹ́ẹ̀, 37 sí 28, Faransé kàn fọ́ wọn ni.

Ohun tí tẹlifíṣọ̀n ò fi hàn mí rí ni àtè. Wọ́n ń fi oje igi tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ kí bọ́ọ̀lù má baà yọ̀ bọ́. Mo rí ọmọbìnrin kan tó lẹ tirẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn bàtà: bó ṣe ń sáré padà, á bẹ̀rẹ̀, á fìka kàn án, á tún gbéra. Ẹni tó bá ní eré jẹ́ẹ́jẹ́ ni, kó wo Pauletta Foppa ti Faransé lórí ìlà mítà mẹ́fà tó yí iwájú àwọ̀n ká, tó kọ̀yìn sí àwọ̀n, tí èèyàn méjì dì í mú, tó ṣì ráyè gba bọ́ọ̀lù, tó yí padà tó sì jù ú wọlé. Ìró ara tó ń kọlu ara yẹn dé òkè tí mo jókòó sí. Fídíò tí àwọn adájọ́ ń lọ wò nìkan ló máa ń sú mi. Ara á ti gbóná, wọ́n á dá a dúró.

Àṣekágbá: Faransé 31, Norway 28. Nígbà ìsinmi ó ti di 20 sí 17, ní ìdajì kejì kálukú wọn ju 11. Faransé gba ẹ̀san ọdún 2021, nígbà tí Norway nà wọ́n 29 sí 22 ní Sípéènì, ó sì di ife kẹta tiwọn lẹ́yìn ti 2003 àti 2017. Faransé tí Àǹgólà fẹ́rẹ̀ẹ́ dá lóró nínú eré àkọ́kọ́ wọn! Ó dára, ṣùgbọ́n Denmark ti fi 28 sí 27 gba ipò kẹta lọ́wọ́ Sweden ṣáájú, ohùn ilé sì ti lọ sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ owó ọjọ́ kan lẹ ní, ẹ lọ fún ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Ẹ má ra ìjókòó ìsàlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ǹṣì, kóòṣì á kàn dí yín lójú ni. Ẹ gòkè díẹ̀, kí ẹ lè rí bí wọ́n ṣe ń sáré pààrọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n jù sáwọ̀n pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ ọ́n dí. Owó oúnjẹ ibẹ̀ ga, nítorí náà ẹ jẹun kí ẹ tó wọlé.