Káàdì Bésíbọ́ọ̀lù Àtijọ́: Èyí Tí Wọ́n Tún Ṣe àti Èyí Tí Wọn Ò Fọwọ́ Kàn

Ẹni tó bá fẹ́ ra káàdì bésíbọ́ọ̀lù àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, ìyẹn páálí kékeré tí wọ́n ya agbábọ́ọ̀lù sí, sábà máa ń bẹ̀rù ayédèrú. Ayédèrú wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti di ojúlówó mú rí máa ń tètè fura sí i, nítorí páálí rẹ̀ àti ìtẹ̀wé rẹ̀ kì í bá ti ojúlówó mu. Ojúlówó tí wọ́n ti tún ṣe gan-an ló ń mú èèyàn. Iléeṣẹ́ ló tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹnì kan ti fi abẹ gé e létí, ó ti fi mákà kùn ún, tàbí kó ti tẹ̀ ẹ́ kí ojú ibi tó ti ká lè pòórá. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Owó ló fà á. Láti 1 dé 10 ni máàkì táwọn iléeṣẹ́ tó ń yẹ bí káàdì ṣe wà sí wò, bíi PSA àti SGC, ń fún káàdì, owó tí wọ́n ń dá lé èyí tó gba 8 sì máa ń fi ìlọ́po ju ti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tó gba 4 lọ. Etí àti igun ló sábà máa ń pààlà sáàárín àwọn méjèèjì.

Etí tó gbó àti etí tí wọ́n gé

Iṣẹ́ abẹ yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ lé lórí jù. Igun tó ti di roboto máa ń mú ṣáṣá padà bí wọ́n bá bu díẹ̀ kúrò létí káàdì. Rúlà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Àwọn káàdì T206, tó ń wà nínú páálí sìgá láàárín 1909 sí 1911, fẹ̀ tó ínṣì 1 7/16, wọ́n sì ga tó 2 5/8. Káàdì tí iléeṣẹ́ Topps tẹ̀ ní 1952 fẹ̀ tó 2 5/8, ó ga tó 3 3/4. Láti 1957, Topps di 2 1/2 ní fífẹ̀ àti 3 1/2 ní gíga. Bí èyí tó wà lọ́wọ́ yín bá kéré sí ìwọ̀n yìí, ẹ bèèrè ìdí.

Ṣùgbọ́n rúlà nìkan ò lè dá ẹjọ́ yìí. Ẹ̀rọ ìgékáàdì ayé ìgbà yẹn kì í gé e dọ́gba. Àwọn T206 kan kéré láti iléeṣẹ́, àwọn mìíràn sì tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn tó tóbi yìí gan-an làwọn onímàkàrúrù ń wá kiri, torí wọ́n lè gé e kó sì ṣì pé ìwọ̀n.

Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ wo etí fúnra rẹ̀, pẹ̀lú awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá. Etí tí ẹ̀rọ gé ní 70 ọdún sẹ́yìn á ti gba ìdọ̀tí, á ti pọ́n díẹ̀, bó sì ṣe rí ní ẹ̀gbẹ́ kan ló ṣe máa rí ní mẹ́ta yòókù. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé máa ń funfun ju àwọn yòókù lọ. Bí ẹ bá rọra fi ìka tọ́ ọ, ó máa ń mú. Nígbà mìíràn ẹ máa rí i pé kò lọ tààrà, ó tẹ̀ síbì kan nítorí ọwọ́ gbọ̀n. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ ra káàdì méjì tàbí mẹ́ta tí kò gbówó lórí láti inú ẹ̀dà ọdún kan náà, àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ẹnikẹ́ni ò wá, kí ẹ sì fi wọ́n ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà. Ojú yín á rí ohun tí rúlà ò lè sọ.

Ti Post Cereal, 1961 sí 1963, yàtọ̀ o. Ara páálí oúnjẹ àárọ̀ ni wọ́n wà, àwọn ọmọdé ló ń fi sísọ́ọ̀sì gé wọn jáde. Gígé níbẹ̀ kì í ṣe jìbìtì, bí kò bá ti wọ inú ìlà tí wọ́n tẹ̀ yí i ká.

Àwọ̀ ìtẹ̀wé àti àwọ̀ mákà

Topps ti 1971 ni kí ẹ fi kọ́ èyí. Dúdú ni etí rẹ̀ yíká, kò sì sí bí dúdú yẹn ò ṣe ní bó díẹ̀ kí funfun páálí yọ. Mákà dúdú ni wọ́n fi ń bò ó. Ẹ fi káàdì náà sábẹ́ iná, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀: dídán ìtẹ̀wé máa ń já níbi tí mákà ti kàn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibi tí páálí ti nípọn. Kò yẹ kí dúdú kan wà níbẹ̀. Bó bá ti wọ inú páálí, mákà ni.

Títẹ̀ ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ojú ibi tó ká lè pòórá lójú, ṣùgbọ́n dídán ibẹ̀ ti já, iná tẹ́ ẹ bá yí káàdì sí á fi í hàn. Fífi omi lásán bọ́ gọ́ọ̀mù kúrò lẹ́yìn káàdì, ọ̀pọ̀ olùkójọ ò bínú sí i. Kẹ́míkà ni wọn ò gbà.

Iná UV náà wúlò fún káàdì tó ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, bíi T206 àti èyí tí iléeṣẹ́ Goudey ṣe ní 1933. Páálí ìgbà yẹn ò ní èròjà tó ń mú bébà tuntun tàn búlúù lábẹ́ iná yẹn. Bí igun kan ṣoṣo bá tàn, wọ́n ti lẹ bébà tuntun mọ́ ọn.

Èyí tó wà nínú ike àti èyí tó wà níta

Ẹ lè fọwọ́ tọ́ etí èyí tó wà níta. Tinú ike tí iléeṣẹ́ ìdámáàkì fi ń dí káàdì tó ti fún ní máàkì, ojú ẹlòmíràn lẹ gbà gbọ́, ojú yẹn sì ti ṣàṣìṣe rí. Káàdì T206 ti Honus Wagner, agbábọ́ọ̀lù ayé àtijọ́, tí Wayne Gretzky, ìlúmọ̀ọ́ká eléré họ́kì, àti Bruce McNall, tó ni ẹgbẹ́ rẹ̀, ra ní gbàǹjo ní 1991 ní $451,000 ni káàdì àkọ́kọ́ tí PSA fún ní máàkì, 8 sì ni. Ní 2007, olùkójọ kan, Ken Kendrick, rà á ní $2.8 mílíọ̀nù. Ní 2013, Bill Mastro, oníṣòwò gbàǹjo tí káàdì náà ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, jẹ́wọ́ ní kóòtù pé òun ti gé etí rẹ̀. Síbẹ̀, bí owó tẹ́ ẹ fẹ́ ná bá pọ̀, tinú ike ni mo máa ní kí ẹ rà, kí ẹ sì yẹ nọ́ńbà tó wà lára ike náà wò lórí ìkànnì iléeṣẹ́ náà, torí wọ́n ń ṣe ayédèrú ike náà.

Láàárín máàkì 2 tí igun rẹ̀ ti gbó, tó ká láàárín, àti èyí tí wọ́n kọ Altered (ìyẹn pé wọ́n ti tún un ṣe) sí lára, tó rẹwà bí tuntun, máàkì 2 ni mo máa mú. Ẹ̀gbin rẹ̀ ò pa mọ́, ẹni tẹ́ ẹ bá sì tà á fún lọ́la ò ní bá yín jà. Èyí tí wọ́n kọ Altered sí dára fún ẹni tó kàn fẹ́ gbé káàdì Topps 1952 ti ìlúmọ̀ọ́ká agbábọ́ọ̀lù Mickey Mantle sórí tábìlì láìná owó rẹpẹtẹ, bí iye tí wọ́n pè é bá ti fi hàn pé ẹni tó ń tà á náà mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi fọ́tò etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́, àti ti iwájú tí iná kọ lù láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ lè dá a padà bí iléeṣẹ́ ìdámáàkì bá ní wọ́n ti tún un ṣe. Bó bá ń yí ẹnu, ẹ lọ wá òmíràn.