Máàsì onídè àbí táwà adádúró: èwo lẹ fẹ́ gbé áńtẹ́nà yín lé?

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì ham radio (rédíò tí èèyàn fi ń bá àwọn ẹlòmíì sọ̀rọ̀ nítorí ìfẹ́ rẹ̀, kì í ṣe fún òwò) lọ́dọ̀ NCC, àjọ tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: ṣé máàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi wáyà fà mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ni káwọn rà ni, àbí táwà ẹlẹ́sẹ̀ gbòòrò tó ń dá dúró, èyí tí wẹ́dà àdúgbò lè jó pọ̀ fún wọn? Mo ti lo méjèèjì n'Íbàdàn. Ọ̀kan ṣì wà lórí ìdúró lẹ́yìn ilé mi bí mo ṣe ń tẹ èyí, èkejì ti bá àwọn tó ń ra irin àlòkù lọ, owó tí mo sì ná kó tó lọ ló jẹ́ kí n jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí gùn tó báyìí.

Ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀, mi ò ní kà á fún yín. Ẹ ṣáà mọ̀ pé onídè ni èyí tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ láti ìsàlẹ̀ dókè, ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n ń fi bóòtì so ègé kan mọ́ ègé kejì. Irú ẹ̀ ni Rohn 25G tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò, ègé kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10, kò wúwo ju nǹkan bíi kílò 18 lọ, ọkùnrin kan á gbé e léjìká. Irú àwọn tó wà nílẹ̀ wa, púpọ̀ nínú ẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ fún sàíbá kafé àti àwọn iléeṣẹ́ tó ń lo rédíò ọwọ́ nígbà kan, tí wọ́n wá ń tà á ní àlòkù. Adádúró ní tiẹ̀, kọnkéré ìsàlẹ̀ ẹ̀ ló dì í mú, torí náà tí wọ́n bá ní kò gba ilẹ̀, ẹ béèrè bí kòtò ẹ̀ ṣe jìn tó àti iye àpò sìmẹ́ńtì tó máa jẹ kẹ́ ẹ tó dá wọn lóhùn.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀

Ibí yìí làwọn èèyàn ti máa ń sá fún onídè, wọn ò sì kí ń ṣírò ẹ̀ kí wọ́n tó sá. Áńkọ̀ wáyà, ìyẹn ibi tí wọ́n ti so wáyà mọ́lẹ̀, máa ń jìnnà sí ìdí máàsì tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún gíga ẹ̀. Máàsì mítà 18, áńkọ̀ á wà ní mítà 14 àti díẹ̀, ìyẹn ò lè gba inú plọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 ní fífẹ̀, 100 ní gígùn, tí ọ̀pọ̀ wa ní, torí mítà 15 péré ni fífẹ̀ ẹ̀. Àmọ́ ẹ mú un wá sí mítà 12. Áńkọ̀ á wà ní mítà 9.6, tẹ́ ẹ bá sì kọ ẹ̀gbẹ́ kan nínú igun mẹ́ta yẹn sí fẹ́ǹsì gígùn, gbogbo ẹ̀ á gba mítà 14.4 ní fífẹ̀ àti bíi 16.6 ní gígùn. Ó wọ̀ ọ́. Wáyà lè gba orí òrùlé kọjá, kò sóhun tó ṣe é. Mítà 12 yẹn ò sì kéré fẹ́ni tó fẹ́ bá Brazil àti Yúróòpù sọ̀rọ̀ lórí 14 MHz, nítorí ìdajì ìgbì rédíò níbẹ̀ tó bíi mítà 10 àti ààbọ̀, áńtẹ́nà yín ti ga ju bẹ́ẹ̀ lọ nìyẹn.

Tó bá jẹ́ ààbọ̀ plọ́ọ̀tì lẹ ní, tí ilé sì ti gba gbogbo ẹ̀ tán, adádúró ló kù fún yín, mi ò ní bá yín jiyàn.

Ìpáàrà, ibẹ̀ lowó mi gbà lọ

Wẹ́dà tó jó adádúró tèmi sọ fún mi pé páìpù gálífánáìsì, ìyẹn irin tí wọ́n fi síńkì bò, lòun fi ṣe é, òótọ́ ló sì sọ, mo fojú mi rí páìpù náà kí wọ́n tó gé e. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé tí iná wẹ́dìn bá ti kan irin tó ní síńkì lára, síńkì yẹn á jó kúrò níbẹ̀, ó ń di èéfín funfun tẹ́ ẹ máa ń rí yẹn (èéfín burúkú ni o, ẹ má dúró fà á símú). Torí náà gbogbo oríkèé táwà náà, ìyẹn ibi tí agbára wà gan-an, ti di irin lásán. Wọ́n á wá gbé ọ̀dà sílífà lé e, gbogbo ẹ̀ á dán kan náà látòkè délẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ ìyàtọ̀ tó bá dúró nílẹ̀ tó ń wò ó.

Lóde, ẹ ṣì lè fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha á kẹ́ ẹ tún un kùn lọ́dọọdún, ọ̀dà tó ní síńkì nínú sì dáa fún un. Inú páìpù ló ṣòro. Iná yẹn jó síńkì inú náà, ọwọ́ ò dé ibẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ò dé ibẹ̀. Òjò á gba ẹnu páìpù tí wọn ò dí lókè wọlé, á gba ojú bóòtì, á ṣàn wá sísàlẹ̀, ìsàlẹ̀ sì rèé, wọ́n ti ri ẹsẹ̀ táwà mọ́ inú kọnkéré láì lu ihò kankan tí omi lè gbà jáde. Omi á dúró síbẹ̀ láti March títí di November, ọdún dé, ọdún lọ. Bí igi àjà tí ikán ti wọ̀ ló rí, òde ń dán, inú ti ṣófo.

Rígà, ìyẹn ẹni tó ń gun táwà ṣiṣẹ́, tó wá pààrọ̀ rótétọ̀ mi (ẹ̀rọ tó ń yí áńtẹ́nà) ló rí i. Ó fi sípánà kan ẹsẹ̀ ẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan kó tó gùn ún, méjì dún gan-an bí irin ṣe ń dún, ẹ̀kẹta dún kú. Ó mú sukúrú díráífà, ó tì í, ó wọlé. Bó ṣe tú bẹ́ẹ̀lì ìdí ẹ̀ nìyẹn, ó lóun ò gùn ún, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ títí dòní pé kò gùn ún.

Ẹ wá wo ohun tó kù. Áńtẹ́nà wà lókè, rótétọ̀ wà lókè, kébù wà lókè, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ gùn lọ kó wọn. Adádúró ò ní wáyà kankan tó dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ kan nínú mẹ́ta ló sì ti lọ yẹn, ìjì kan ṣoṣo ló kù. Kíréènì la gbà wá, a wó apá kan fẹ́ǹsì kó tó lè wọlé, owó kíréènì pẹ̀lú owó fẹ́ǹsì ju gbogbo owó tí mo fi ṣe táwà náà lọ. Iye táwà nìkan kọ́ lẹ máa kọ sílẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń fi méjèèjì wéra o, ẹ kọ iye tó máa gbà láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ọjọ́ tí kò ṣe é gùn mọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Nítorí náà, èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, àlòkù tàbí tuntun, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí kẹ́ ẹ tó sanwó. Gálífánáìsì tòótọ́ ni èyí tí wọ́n ti jó gbogbo ègé ẹ̀ pọ̀ tán, tí wọ́n wá ri odindi ẹ̀ bọ inú síńkì tó ti yọ́, èyí tó gbóná tó bíi 450 lórí ìwọ̀n Celsius. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu páìpù, inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ eérú kan náà bíi ti òde. Ẹ wo ojú wẹ́dìn, síńkì gbọ́dọ̀ bo òun náà mọ́lẹ̀, awọ kan ṣoṣo. Ẹ wá ihò kékeré lára àwọn páìpù tí wọ́n dí lẹ́nu, torí wọn kì í ri páìpù tó dí pa bọ síńkì gbígbóná, á bú gbàù mọ́ wọn lójú, torí náà tí kò bá síhò rárá, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe rì í. Ẹ da tínà sórí aṣọ, kẹ́ ẹ fi nù ún: ọ̀dà sílífà á bá aṣọ lọ, síńkì ò ní lọ síbì kankan. Ẹ fi sípánà kan gbogbo ẹsẹ̀ ẹ̀ bí rígà yẹn ṣe ṣe. Tẹ́ni tó ń tà á bá bínú, ẹ máa lọ sílé yín.

Àwọn tó ń gbé etíkun, Lẹkí, Badagry, Àjàh, gálífánáìsì tòótọ́ ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ yẹn ń jẹ síńkì fúnra ẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ irin lásán.

Mo fẹ́ ṣòótọ́ fún adádúró náà: èyí tí wọ́n fi áńgù irin ṣe, tí wọ́n rì bọ síńkì lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fi bóòtì dè é pọ̀, bí àwọn iléeṣẹ́ fóònù ṣe ń ṣe é, dáa gan-an. Áńgù ò ní inú tí omi máa sá pamọ́ sí, ojú méjèèjì ẹ̀ lẹ lè rí. Àmọ́ owó ẹ̀ ń kọ́? Fún mítà 12 tàbí 15 tó fẹ́ gbé áńtẹ́nà kékeré, ó ti pọ̀ jù.

Ohun tí onídè fi ń dani láàmú

Wáyà ni. Ẹ gbọ́dọ̀ máa wò ó, pàápàá lẹ́yìn ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ti ìparí òjò, torí àwọn yẹn ló le jù. Wáyà irin EHS (irú wáyà irin tó lágbára gan-an) tó nípọn 3/16 ínǹṣì máa ń já ní nǹkan bíi páùn 3,990, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyẹn lẹ máa fà á le dé, bíi páùn 400, kò gbọ́dọ̀ dẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi wáyà kékeré so tọ́ọ̀nbọ́kù, irin tí wọ́n ń yí láti fa wáyà le, kó má bàa tú ara ẹ̀. Tó bá jẹ́ kílíìpù lẹ fi di ẹnu wáyà, ẹ̀yìn kílíìpù tó fẹ̀ yẹn, ara wáyà tó ń fà lẹ máa gbé e sí, kì í ṣe ara ìrù tẹ́ ẹ ṣẹ́ padà, mo ti rí i tó dojú dé ní ilé tó ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀pá áńkọ̀, ẹ máa gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ lára ẹ̀ lọ́dọọdún kẹ́ ẹ wò ó, abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ lòun náà ti ń dípáàrà. Kẹ́ ẹ sì so aṣọ pupa tàbí páìpù róbà mọ́ ìsàlẹ̀ wáyà nítorí àwọn ọmọdé àti ẹni tó bá ń rìn lálẹ́.

Wàhálà ni lóòótọ́, àmọ́ gbogbo ẹ̀, ẹ dúró nílẹ̀ lẹ máa fi ṣe é, ojú yín ló sì máa rí i. Tí ègé kan bá sì bàjẹ́, ègé yẹn nìkan lẹ máa rà. Rígà méjì tó mọṣẹ́ á fi ọ̀pá jínpóòlù (ọ̀pá tí wọ́n ń dè mọ́ máàsì láti fi gbé ègé sókè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀) àti okùn tú u lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan láìsí kíréènì.

Ìyókù

Àrá: kò sí ìyàtọ̀, méjèèjì gbọ́dọ̀ ní ẹ́ẹ̀tì, wáyà tó ń gbé iná àrá lọ sínú ilẹ̀, kẹ́ ẹ so ó pọ̀ mọ́ ẹ́ẹ̀tì ilé kó di ọ̀kan, ẹ má sì jẹ́ kí wáyà bàbà kan ẹsẹ̀ gálífánáìsì ní tààrà, ẹ fi irin tí kì í dípáàrà sáàárín wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bàbà á jẹ síńkì tán níbẹ̀.

Ẹwà: adádúró rẹwà jù, ìyàwó ilé á fẹ́ràn ẹ̀ jù.

Gígùn lọ sókè: ọgbọọgba ni méjèèjì, háánẹ́ẹ̀sì tó gba gbogbo ara ni kẹ́ ẹ wọ̀.

Èyí tó ní wíńṣì tó ń gùn tó ń kúrú: mi ò ní i rí, ọ̀rẹ́ mi kan ní Texas ní in, ó gbádùn ẹ̀. Ẹ ṣáà rántí pé wọn kì í gùn ún nígbà tó bá ga sókè, àti pé kébù irin inú ẹ̀ ní ọjọ́ orí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ ka ìwé àdéhùn ẹ̀sìtéètì yín kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, PRB-1, òfin lórí áńtẹ́nà ham tí FCC (àjọ ìbánisọ̀rọ̀ ibẹ̀) ṣe ní 1985, ń ká ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ kò ni, kò bo àdéhùn tẹ́ ẹ fọwọ́ sí pẹ̀lú onílé.

Ìwé àṣẹ: nílé níbí, ẹ béèrè lọ́wọ́ NCAA, àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú, nípa gíga, pàápàá tẹ́ ẹ bá wà nítòsí pápákọ̀ òfuurufú.

Tó bá jẹ́ èmi

Kálukú ló mọ ilẹ̀ tó ní àti owó tó wà lápò ẹ̀, méjèèjì ló ń gbé áńtẹ́nà. Ẹni tí kò nílẹ̀, tó sì lówó áńgù gálífánáìsì, kó ra adádúró, kò ní kábàámọ̀. Ẹni tó ní plọ́ọ̀tì odindi, mi ò rídìí tó fi máa wá wẹ́dà lọ. Kó wá ègé mẹ́rin máàsì onídè tí wọ́n rì bọ síńkì, àlòkù náà dáa tó bá yege lójú tọ́ọ̀ṣì àti sípánà, kó da òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀ kòtò kí ẹnu ẹsẹ̀ páìpù dúró lórí ẹ̀ kó tó da kọnkéré, kí omi lè ráyè jáde. Owó tó bá ṣẹ́ kù, kó fi ra wáyà tuntun, kó má ra wáyà àlòkù láé.