Irin Peco Code 100 fún rélùwéè kékeré: ó gbó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ oríta rẹ̀

Ẹgbẹ́ tó ń gbé rélùwéè kékeré kiri gbọ̀ngàn ìpàtẹ ní Ìlú Ọba kì í fi ẹwà nìkan yan irin. Pákó tí wọ́n tẹ́ irin náà sí ń wọ mọ́tò, ó ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń tò ó, wọ́n ń tú u. Ìdí rèé tí Streamline Code 100 ti Peco, ilé iṣẹ́ tó wà ní Beer ní Devon, fi ṣì wúlò. Irin rẹ̀ ga ní 2.54 mm (gíga yìí ni Code ń tọ́ka sí), àlàfo àárín irin méjèèjì jẹ́ 16.5 mm, ọ̀pá kan sì gùn ní 914 mm. Táyà ọkọ̀ àtijọ́ tí etí rẹ̀ jìn ń kọjá lórí rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Lórí Code 75, tí kò ga ju 1.9 mm lọ, irú táyà bẹ́ẹ̀ á máa ha ìdè kéékèèké tó di irin mú.

Àwọn ará Ìlú Ọba máa ń ráhùn pé ìdábùú rẹ̀, àwọn ọ̀pá tó dábùú lábẹ́ irin, kéré, ó sì sún mọ́ra jù fún OO, ìwọ̀n rélùwéè kékeré tiwọn, tó jẹ́ 1:76 (ìdá kan nínú 76 ti gidi). Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021, ibẹ̀ gan-an ni oore rẹ̀ wà: pín ìbú rẹ̀, 1435 mm, sí ọ̀nà 87 fún ìwọ̀n 1:87, wàá rí 16.5. Èyí tó ní ìdábùú aláwọ̀ kọnkéré náà wà. Ti ojú irin àtijọ́ wa, 1067 mm, kò bá a mu. Ní 1:87, irin 12 mm ni kí ẹ wá.

Tí ẹ bá fẹ́ tẹ ọ̀pá méjì sí kọ̀rọ̀, ẹ fi lédì (sódà) jó ìsopọ̀ wọn nígbà tí wọ́n ṣì tọ́, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibẹ̀ á yọ igun, ọkọ̀ á sì máa fò. Irin inú á yọ gùn ju tòde lọ. Ẹ gé e, kí ẹ fi fáìlì pa ẹnu rẹ̀ rẹ́. Tí òòlù bá ti ìṣó wọlé jù, àárín ìdábùú á tẹ̀, àlàfo á fún, ọkọ̀ á sì bọ́. Ìyàtọ̀ ooru 20°C ń fa ọ̀pá kan gùn ní nǹkan bí 0.3 mm, nítorí náà ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀. Níbi tí pákó méjì ti pàdé, ẹ má fọkàn tán ìṣó rárá: ẹ de skúrù búráàsì mọ́ pákó, kí ẹ jó irin mọ́ orí rẹ̀.

Oríta, níbi tí irin ti yà sí méjì, ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Oríí rẹ̀ ni ibi tí irin méjì ti pàdé ní ṣóńṣó. Ti Insulfrog, irú oríta Peco kan, jẹ́ ike, ẹ́ńjìnì kékeré onítáyà mẹ́rin a sì máa kú sórí rẹ̀. Táyà fífẹ̀ tún lè kan irin méjèèjì ní ṣóńṣó ibẹ̀, kí iná ṣáàtì. Kútẹ́ẹ̀sì díẹ̀ lórí irin náà tó láti dènà rẹ̀. Electrofrog, tí orí rẹ̀ jẹ́ irin tó ń gbé iná, dára jù fún ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ìsopọ̀ ike SL-11 gbọ́dọ̀ wà lára irin méjèèjì tó ti orí rẹ̀ jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iná á ṣáàtì gbàrà tí ẹ bá yí oríta. Má sì jẹ́ kí ahọ́n oríta, irin tó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, nìkan máa gbé iná: ìdọ̀tí àti gúlúù tí a fi ń lẹ òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ojú irin ló ń dí i. Ẹ fi swíìṣì iná sára mọ́tò kékeré tó ń yí oríta, kí wáyà kan lọ tààrà sí orí náà. Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú, ẹ fún un ní wáyà tirẹ̀ kí ẹ tó da òkúta sí i, torí lẹ́yìn gúlúù, ṣíṣí ìsopọ̀ di iṣẹ́ ayùn.