KDP fún ìtàn Western àkọ́kọ́: títẹ̀ ẹ́ jáde rọrùn, àyẹ̀wò ìtàn kò sí níbẹ̀

Bí ẹ bá ti kọ ìtàn Western yín (ìtàn àwọn kọ́bọ̀ì ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ayé àtijọ́) tán tí ẹ kò fẹ́ dúró de olóòtú kankan, KDP (Kindle Direct Publishing), ibi tí Amazon ti ń jẹ́ kí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ tẹ ìwé jáde, ni ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ jù. Wọn kì í gba owó láti gbé ìwé orí ẹ̀rọ jáde, ìwé sì sábà máa ń hàn lórí àtẹ kí wákàtí 72 tó pé.

Níbi owó ni ọ̀rọ̀ ti le. Ìwé tí iye rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ láti sẹ́ǹtì 99 dé dọ́là 2.98, ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ló kan òǹkọ̀wé. Àfi kó tó dọ́là 2.99, kó má sì ju 9.99 lọ, kí ìdá 70 tó ṣeé gbà. Ta ló fẹ́ san dọ́là mẹ́ta fún ìtàn ojú ìwé ogún? Sẹ́ǹtì 99 náà ni ẹ máa tà á, bíi sẹ́ǹtì 35 ni yóò sì dé ọwọ́ yín. Ó sàn kí ìtàn pé mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ dì wọ́n pọ̀ sí ìwé kan ní dọ́là 2.99, bíi dọ́là méjì á wọlé lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan.

Fáìlì DOCX tàbí EPUB ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ má fi bọ́tìnì Tab sún ìlà àkọ́kọ́ wọlé, torí ó máa ń rí wọ́gọwọ̀gọ lójú Kindle, ẹ̀rọ ìkàwé Amazon. Inú ètò ìpínrọ̀ ni kí ẹ ti ṣe é. Èèpo ìwé, píksẹ́lì 2560 ní gíga, 1600 ní fífẹ̀. Ẹ sún un kéré bí èékánná; bí àkọlé kò bá ṣeé kà, ẹ pààrọ̀ lẹ́tà rẹ̀. Ẹ kó ìdúpẹ́ àti ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lọ sẹ́yìn pẹ̀lú, torí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé díẹ̀ ni òǹrajà ń tọ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú ìtàn kúkúrú, ìdúpẹ́ gígùn lè jẹ gbogbo ìtọ́wò náà tán.

Ẹ ṣọ́ra fún KDP Select, ètò àfọwọ́fà inú KDP. Ọjọ́ 90 ló fi ń de ẹ̀dà orí ẹ̀rọ mọ́ Amazon nìkan, ẹ kò gbọdọ̀ gbé e sórí búlọ́ọ̀gì yín pàápàá. Bí ẹ kò bá sì pa á, yóò tún bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àléébù tó dùn wá jù ni pé kò sẹ́ni tó ń bá òǹkọ̀wé yẹ òótọ́ inú ìtàn wò, bẹ́ẹ̀ òǹkàwé Western mọ ìbọn bí ẹni mọ owó. Ẹ fi ìtàn sí ọdún 1868, kí akọni yín wá gbé ìbọn ìléwọ́ Colt Single Action Army tàbí ìbọn gígùn Winchester 1873 dání, wọ́n á pa ìwé dé lójú ẹsẹ̀: ọdún 1873 ni méjèèjì jáde. Henry ti 1860 tàbí Winchester 1866 ló bá ìgbà yẹn mu. Ọta mẹ́fà ni Colt yẹn ń gbà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ń ki márùn-ún, kí òòlù ìbọn lè sinmi lórí ihò òfìfo. Bí ọta bá wà nínú ihò yẹn tí ìbọn sì já bọ́, ó lè dún fúnra rẹ̀. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí Glidden, àgbẹ̀ ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lé lórí, 1874 ni, kò lè sí nínú ìtàn 1868. Agbo màlúù kì í sì ju máìlì 10 sí 15 lọ lójúmọ́, nítorí náà láti Texas dé Abilene ní Kansas, oṣù méjì sí mẹ́ta ni kí ẹ kà á sí, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìtàn tó bá dá yín lójú jù, ẹ kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gba ohun tó ti jáde rí, èyí tó sì ti wà lórí KDP, ó ti jáde nìyẹn.